Mbanza Kongo: Ìlú Orí Òkè tí Abiyamọ Kan Tìtorí Rẹ̀ Kú

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ńlá ayé àtijọ́ rí. Bí a kò bá mọ ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀, omi tí wọ́n mu, àti ogun tí ó lé wọn kúrò nílé, ìtàn wọn kò lè yé wa yékéyéké. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ bá wa ká lọ sí Mbanza Kongo ní oṣù yìí. Ibẹ̀ ni olú-ìlú ìjọba Kóńgò àtijọ́, ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Àǹgólà òde òní, kò sì jìnnà sí ààlà Kóńgò ti Kinshasa. Ènìyàn mẹ́ta ni a ó bá pàdé níbẹ̀: ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó kú ní 1706, ìyá àgbà kan tí ó ṣe àkóso ilẹ̀ bí ọba tí ó sì kú ní 1710, àti ọba kan tí ó wàjà ní 1718. Ọ̀rọ̀ ìlú kan náà ni ó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Iye tí olúkúlùkù san nítorí rẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ìlú orí òkè

Láti Luanda, olú-ìlú Àǹgólà, ọ̀nà tí ó lé ní 400 kìlómítà ni a ó rìn kí a tó dé Mbanza Kongo. Orí òkè pẹrẹsẹ ni ìlú náà wà, ní nǹkan bí 570 mítà sókè ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù ju ti etí òkun. Èdè Kikongo ni wọ́n ń sọ nínú ilé àti lọ́jà. Èdè Pọtogí ni ti ilé-ìwé àti ti ọ́fíìsì. Àṣà ìlú sọ pé orísun omi 12 ni ó wà ní ara òkè náà, èyí tí àwọn obìnrin ti ń pọn láti ìrandíran.

Ìyàwó ilé tí ó bá wọ ọjà wọn yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ mọ̀: ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, epo pupa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja gbígbẹ. Kwanga ni yóò fà á mọ́ra jù. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi ni, tí a lọ̀ kúnná, tí a fi ewé dì bí ẹni di ẹ̀kọ, tí a sì sè títí yóò fi le. Wọn a máa fi jẹ kizaka, èyí tí í ṣe ewé ẹ̀gẹ́ tí a gún, tí a sì fi epo tàbí ẹ̀pà sè. Ẹ̀yin tí ẹ ń da ewé ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún ewúrẹ́, ẹ kò mọ̀ pé ọbẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni! Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ibẹ̀ kì í kánjú sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀, nítorí májèlé wà nínú ewé ẹ̀gẹ́ tútù. Gígún àti sísè pípẹ́ ni ó ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Ohun tí àlejò kọ́kọ́ ń béèrè ni Kulumbimbi, èyíinì ni ògiri òkúta ilé ìjọsìn àtijọ́. Ní ọdún 1491 ni Ọba Nzinga a Nkuwu gba ìrìbọmi lọ́wọ́ àwọn fadá tí ó bá àwọn Pọtogí wá, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní João. Láti ọdún náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìjọsìn sí ìlú náà, a sì fi bíṣọ́ọ̀bù jẹ níbẹ̀ ní 1596. Òrùlé kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ògiri ṣì dúró, àti ẹnu-ọ̀nà gíga tí ó tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Àwọn ará ìlú a máa sọ pé àwọn áńgẹ́lì ni ó kọ́ ọ ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Póòpù John Paul Kejì dé ibẹ̀ ní 1992. Ibojì àwọn ọba wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, nínú ọgbà tí ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ilé àwọn ọba náà wà nínú ìlú. A ti sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Igi Yala Nkuwu wà ní àdúgbò rẹ̀, lábẹ́ èyí tí ọba máa ń jókòó dájọ́ láyé àtijọ́. Títí di òní àwọn àgbà ṣì ń péjọ ní Lumbu láti parí aáwọ̀ àwọn ará ìlú. Ní oṣù Keje 2017, àjọ UNESCO kọ orúkọ Mbanza Kongo mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé.

Ibojì kan tún wà ní ẹ̀bá pápákọ̀ òfurufú ìlú náà tí kì í jẹ́ kí abiyamọ kọjá láìmirí. Dona Mpolo ni wọ́n ń pe ẹni tí a ní ó wà níbẹ̀, ìyá Ọba Afonso Kìíní. Wọ́n ní ó kọ̀ láti bọ́ oògùn kékeré kan tí ó so mọ́ ọrùn, ọmọ rẹ̀ sì sin ín láàyè kí ayé lè mọ bí ìgbàgbọ́ òun ti jinlẹ̀ tó. Ohun tí ó lé ní 100 ọdún lẹ́yìn ikú Afonso ni ìtàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbilẹ̀, nítorí náà ìtàn àròsọ ni. Ṣùgbọ́n àròsọ kì í hù láìní gbòǹgbò. Ìgbà tí ó gbilẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá àti ọmọ ń jìyà ìjà oyè ní gbogbo ilẹ̀ Kóńgò.

Bí ogun ṣe tú ìlú náà

Ìlú yìí, tí àwọn Pọtogí ń pè ní São Salvador, lókìkí ní ayé ìgbà náà. Àwọn ọba rẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí ọba ilẹ̀ Pọtogí àti sí Póòpù ní Róòmù. Àwọn ọmọ ìjòyè rẹ̀ mọ ìwé kà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 1665, ogun Kóńgò àti ogun Pọtogí ti Luanda pàdé ní Mbwila. Ọba António Kìíní ṣubú lójú ogun, wọ́n gé orí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjòyè sì bá a lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìdílé Kimpanzu àti ìdílé Kinlaza ti ń du oyè. Bí ti ìhín bá fi ọba jẹ, ti ọ̀hún a fi tirẹ̀ jẹ. Ní 1678 ogun sun ìlú náà. Àwọn tí ó kù sá lọ sí orí òkè mìíràn àti sí àfonífojì, igbó sì gba ààfin.

Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìyá ilé. Bí ogun bá wọ abúlé, kì í ṣe oúnjẹ oko àti ewúrẹ́ nìkan ni wọ́n ń kó. Wọ́n ń kó ènìyàn. Àwọn oníṣòwò ẹrú ń dúró ní Luanda àti ní etí òkun gbogbo, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó àwọn tí a mú lọ sí Brasil àti sí àwọn erékùṣù òkèèrè. Ìyá a sùn pẹ̀lú ọmọ márùn-ún, ilẹ̀ a mọ́ bá a pẹ̀lú méjì. Àwa ọmọ Yorùbá kò ní láti lọ jìnnà kí á tó mọ irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ìyá ńlá wa, Brasil kan náà ni wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn lọ.

Ìyá àgbà Nkondo

Ní ilẹ̀ Kóńgò, ọ̀dọ̀ ìyá ni ènìyàn ti ń mú ìdílé rẹ̀. Kanda ni wọ́n ń pe agbo ilé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà obìnrin tí ó bá dàgbà nínú kanda rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ọ̀kan nínú irú wọn ni Ana Afonso de Leão, tí a bí ní 1625. Arábìnrin Ọba Garcia Kejì ni, ẹni tí ó gorí oyè ní 1641. Nígbà tí ilé ọba tú, Ana fìdí kalẹ̀ ní Nkondo, ní àfonífojì odò Mbidizi, ó sì ń ṣe àkóso ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ìdílé Kinlaza lè máa sáré oyè lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n òun ni àgbà tí wọ́n ń wo ojú rẹ̀. Àwọn fadá Kapusínì tí ó ti ilẹ̀ Ítálì wá a máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó pé ọmọ 40 ọdún nígbà ogun Mbwila, ó sì pé 85 nígbà tí ó kú ní 1710. Ẹ wo ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó bá ayé nígbà tí agogo ilé ìjọsìn ń dún ní Mbanza Kongo. Ó wà láyé nígbà tí igbó bo ibẹ̀. Kò sì kú títí ènìyàn fi padà síbẹ̀. Agbára rẹ̀ kò mú ariwo wá. Ó di ilẹ̀ kan mú, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, ó sì pẹ́ láyé.

Kimpa Vita, ọmọ òkè Kibangu

Ní nǹkan bí 1684 ni a bí Kimpa Vita ní ẹ̀bá òkè Kibangu, nígbà tí ìlú ti jóná tán. Ìdílé ọlọ́lá ni ó ti wá. A ṣe ìrìbọmi fún un, a sì sọ ọ́ ní Beatriz. Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń jẹ́ ẹnu ṣámúṣámú. Láti kékeré ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ń rí ìran, wọ́n sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ nganga marinda, èyíinì ni adáhunṣe tí ń bá ẹ̀mí sọ̀rọ̀ nítorí ìṣòro ọmọ aráyé. Ó lọ́kọ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbéyàwó méjèèjì kò sì tọ́jọ́.

Nínú oṣù Kẹjọ 1704, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó ní òun ti kú, Ántónì Mímọ́ sì ti wọ inú ara òun láti jẹ́ iṣẹ́ kan fún Kóńgò. Iṣẹ́ náà kò ṣòro lóye: kí àwọn ọba dá ogun dúró, kí gbogbo ènìyàn padà sí Mbanza Kongo. Òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó wí bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Apollonia Mafuta ti ń kéde ṣáájú rẹ̀ pé inú Màríà Wúńdíá kò dùn sí ìlú tí ó dahoro àti sí ọba tí ó kọ̀ tí kò padà síbẹ̀.

Kimpa Vita tọ Ọba Pedro Kẹrin lọ ní Kibangu. Ọba kò tẹ̀lé e, kò sì fi ìyà jẹ ẹ́. Ó kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ João Kejì, tí òun náà ń pe ara rẹ̀ ní ọba Kóńgò. Èyí lé e jáde. Nígbà náà ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà ìlú tí ó dahoro. Èéfín tún bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti inú ààrò ní Mbanza Kongo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ́ tọ̀ ọ́ lọ, pàápàá àwọn mẹ̀kúnnù tí ogun ti sú. Wọ́n ń sọ pé bí ó bá ń kọjá lọ, igi tí ó wọ́ a nà ró.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ya àwọn fadá lẹ́nu, ó sì bí wọn nínú. Ó ní ọmọ Kóńgò ni Jésù. São Salvador ni Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tí a bí i sí, Nsundi sì ni Násárẹ́tì. Ó ní àwọn ènìyàn mímọ́ aláwọ̀ dúdú wà lọ́run gẹ́gẹ́ bí ti àwọn òyìnbó. Ó kọ́ wọn pé ohun tí ó wà nínú ọkàn ni Ọlọ́run ń wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnu há sórí. Ó ní ní ọjọọjọ́ Ẹtì òun a máa kú, òun a lọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nípa Kóńgò, òun a sì padà wá. Ó rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn káàkiri, àwọn tí wọ́n ń pè ní Ántónì kékeré, láti pe àwọn ènìyàn wálé.

Ohun tí ó kàn ni ó yẹ kí ẹ̀yin ìyá fi ara balẹ̀ kà. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Barro, tí wọ́n ń pè ní Jòhánù Mímọ́, ni ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kimpa Vita lóyún. Ẹni tí ó ti sọ fún ayé pé Ántónì Mímọ́ ni òun, ẹnu wo ni yóò fi sọ pé òun ń retí ọmọ? Ó fi ìlú sílẹ̀, ó padà sí agbègbè àwọn òbí rẹ̀ láti bímọ ní kọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ọba ti mú un pẹ̀lú Barro àti ọmọ ìkókó, ọkùnrin.

Wọ́n mú wọn lọ sí Evululu, níbi tí Ọba Pedro pàgọ́ sí. Fadá méjì, Bernardo da Gallo àti Lorenzo da Lucca, ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ẹ̀kọ́ odì, wọ́n sì fẹ́ kí ó dópin. Ìgbìmọ̀ ọba dá òun àti Barro lẹ́bi, wọ́n ní kí a dáná sun wọ́n. Ọmọ náà pàápàá ni wọ́n fẹ́ jù sí i. Abiyamọ náà gbé e lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n mú un jáde. Àwọn fadá tí ó ta ko ìyá náà ni ó bẹ ọba nítorí ọmọ, ọba sì gbà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1706, Kimpa Vita kú sínú iná. Ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 22. Ní ọjọ́ kejì wọ́n tún sun egungun tí ó kù, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i mú lọ fi ṣe ohun mímọ́.

Ìròyìn tí àwọn fadá yìí kọ ránṣẹ́ sílé ni àwọn òpìtàn fi mọ ìtàn rẹ̀. Àwọn tí ó dá a lẹ́bi ni ó pa orúkọ rẹ̀ mọ́ fún wa. Bernardo, tí kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́ rẹ̀ rárá, kò lè ṣàì kọ ọ́ pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, pé ojú rẹ̀ fani mọ́ra, àti pé ó ń fi ìwọ̀n sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ọba tí ń rìn jẹ́jẹ́

Ọba Pedro Kẹrin kì í ṣe ìkà ènìyàn nínú ìtàn, èyí ni ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà dunni jù. Ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Kimpanzu, èkejì jẹ́ Kinlaza, nítorí náà ó wà ní ipò láti so ilé tí ó fọ́ pọ̀. Ohun tí Kimpa Vita ń wí náà ni ó ń fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù àtipadà sí ìlú kí àwọn ọ̀tá má ká a mọ́bẹ̀. Ó rán ìjòyè kan tí ń jẹ́ Pedro Constantinho da Silva, tí inagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Kibenga, lọ ṣáájú pẹ̀lú àwọn ènìyàn. Kibenga dalẹ̀ rẹ̀, ó sì darapọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Kimpa Vita. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ abiyamọ náà ti di ọ̀rọ̀ oyè.

Nínú oṣù Kejì 1709, Pedro ṣẹ́gun Kibenga, ó sì wọ Mbanza Kongo. Kò tún kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi wàjà ní 1718. Lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ilé ọba gbà láti máa jẹ oyè ní ìtẹ̀léra dípò kí wọ́n máa pa ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ọmọ ọdún 20 ń kígbe rẹ̀ ní 1704 ṣe ṣẹ ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sun ún. Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni a kó lẹ́rú, tí a sì tà sí òkè òkun. Ní 1739, ní ẹ̀bá odò Stono ní South Carolina ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹrú tí ó ti ilẹ̀ Kóńgò wá ni ó ṣíwájú àwọn tí ó gbé ohun ìjà nítorí òmìnira. Ní ilẹ̀ Kóńgò fúnra rẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn agbẹ́gi ń ṣe ère Ántónì Mímọ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní Toni Malau, àwọn ènìyàn a sì máa so ó mọ́ra fún ààbò. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí. Láti 2009 ni Àǹgólà ti fi orúkọ Kimpa Vita pe yunifásítì kan tí ó wà ní ìlú Uíge.

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, bí ọmọ yín bá ń ka ìtàn ní ilé-ìwé, orúkọ ọba àti ọdún ogun ni yóò kọ́kọ́ há sórí. Ẹ bá a ka ìyókù. Ẹ sọ fún un nípa ìyá àgbà Nkondo tí ó fi sùúrù di ilé mú fún ọdún púpọ̀, àti nípa abiyamọ ọmọ ọdún 22 tí ó rí i pé ìlú kì í tóbi ju ohùn ẹni tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ lọ. A kò ní láti gba gbogbo ohun tí ó wí nípa ọ̀run gbọ́ kí á tó mọ̀ pé òtítọ́ ni ohun tí ó wí nípa ogun. Ọmọ tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ iná ní Evululu kò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ mọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìjà àwọn àgbà gba ìyá lọ́wọ́ ọmọ ní ilé wa àti ní ìlú wa.